Pínpín áàpù àkànṣe fún àwọn oníbàárà

Pínpín áàpù àkànṣe fún àwọn oníbàárà ni gbogbo ọ̀nà tí olùṣe áàpù ń gbà mú áàpù tí ó ń tà dé orí fóònù àwọn ènìyàn díẹ̀ tí a ṣe é fún, tí ó ń gbà gba owó rẹ̀, tí ó sì ń gbà tún un ṣe lẹ́yìn títà. Áàpù àkànṣe ni èyí tí ó wà fún iṣẹ́ kan, ẹgbẹ́ kan tàbí àìní kan pàtó, tí iye àwọn tí ó lè rà á kò fi bẹ́ẹ̀ pọ̀: àkọsílẹ̀ ẹyin àti oúnjẹ fún àwọn ọlọ́sìn adìẹ, ìṣirò ilẹ̀ fún àwọn awọnlẹ̀, ìwé owó fún akọ̀wé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, tàbí ìwé orin fún ìjọ kan. Ó yàtọ̀ sí áàpù gbogboògbò bíi WhatsApp, tí ẹni gbogbo lè lò láìka iṣẹ́ tàbí ìlú rẹ̀ sí.

Ilé-ìtajà áàpù ti Apple àti ti Google ni àwọn ènìyàn mọ̀ jù, ṣùgbọ́n wọn kì í ṣe ọ̀nà kan ṣoṣo. A lè pín áàpù ní ìkọ̀kọ̀ fún ilé-iṣẹ́ kan, a lè fi fáìlì rẹ̀ ránṣẹ́ tààrà, a lè gbé e sí ilé-ìtajà mìíràn, a sì lè sọ ọ́ di ìtàkùn ayélujára tí ń ṣiṣẹ́ bí áàpù. Nínú ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọ̀nà wọ̀nyí, ẹnìkan wà tí ó dúró sí ẹnu ọ̀nà bí oníbodè ti ń dúró sí ẹnu ibodè ìlú láyé àtijọ́, tí ó ń yẹ ẹrù wò, tí ó sì ń gba owó ibodè. Ohun tí yíyan ọ̀nà dá lé lórí ni ẹni tí oníbodè náà jẹ́, ohun tí ó ń gbà, àti ohun tí ó ń fún olùtà padà.

Ohun tí ó mú áàpù àkànṣe yàtọ̀

Áàpù gbogboògbò ń jèrè nípa pípọ̀ àwọn tí ń lò ó. Áàpù àkànṣe ń jèrè nípa bí ó ti wúlò tó fún ẹnìkọ̀ọ̀kan. Nítorí náà ni iye owó rẹ̀ fi sábà máa ń ga ju ti eré orí fóònù lọ, tí olùṣe rẹ̀ sì lè mọ ọ̀pọ̀ nínú àwọn oníbàárà rẹ̀ ní orúkọ. Ohun mẹ́ta ni ó tẹ̀lé èyí.

Èkíní ni pé wíwá ọjà nínú ilé-ìtajà ńlá kì í ran irú áàpù bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ púpọ̀. Áàpù tí ó ju mílíọ̀nù kan lọ ni ó wà nínú ilé-ìtajà ti Apple àti ti Google lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn áàpù tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti gbà sórí fóònù wọn ni ó sì máa ń rọrùn láti rí. Ọlọ́sìn adìẹ tí ó ń wá àkọsílẹ̀ ẹyin lè bá eré adìẹ pàdé kí ó tó rí ohun tí ó ń wá. Lẹ́nu ọlọ́sìn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, lọ́dọ̀ ẹni tí ń ta oúnjẹ adìẹ fún un, tàbí lọ́wọ́ dókítà ẹranko ni ó ti ṣeé ṣe jù kí ó gbọ́ nípa áàpù náà.

Èkejì ni pé ẹni tí ó ń sanwó lè má jẹ́ ẹni tí yóò lo áàpù. Ọ̀gá oko lè sanwó fún òṣìṣẹ́ 20, kí àwọn òṣìṣẹ́ sì lò ó lórí fóònù tiwọn. Ètò ilé-ìtajà gbangba, tí ó gbà pé oní-fóònù ni ó ń ra nǹkan sórí fóònù ara rẹ̀, kò bá irú òwò yìí mu dáadáa.

Ẹ̀kẹta ni pé pípàdánù oníbàárà kan máa ń dun olùtà. Ẹni tí mílíọ̀nù ènìyàn ń lo áàpù rẹ̀ lè má mọ̀ bí 100 nínú wọn bá lọ. Ẹni tí ó ní oníbàárà 300 yóò mọ̀. Ìdènà kékeré tí ó bá wà láàrin ìgbà tí ènìyàn gbọ́ nípa áàpù àti ìgbà tí ó ṣí i lórí fóònù rẹ̀, bí ìkìlọ̀ tí ó ń dẹ́rù bani tàbí ìlànà tí kò yéni, lè gba apá ńlá nínú owó tí ó yẹ kí ó wọlé.

Ìtàn

Ṣáájú ọdún 2008, kò sí ilé-ìtajà tí a kọ́ mọ́ inú fóònù lọ́nà tí a mọ̀ lónìí. Àwọn tí ń ṣe áàpù fún Palm, Symbian àti BlackBerry ń tà á lórí ìtàkùn ayélujára ara wọn tàbí nípasẹ̀ àwọn alágbàtà bíi Handango, tí a dá sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1999, àti GetJar, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní Lithuania ní ọdún 2004. Oníbàárà á gba fáìlì sórí kọ̀ǹpútà tàbí fóònù, á sì fi kóòdù tí wọ́n fún un ṣí i. Ní Nàìjíríà, ọ̀pọ̀ ènìyàn gba eré àti áàpù lọ́wọ́ àwọn tí ń ta fóònù tàbí tí ń tún un ṣe ní àwọn ọjà bíi Computer Village ní Ìkẹjà, nípasẹ̀ mẹ́mọ́rì káàdì tàbí Bluetooth.

Apple ṣí App Store ní ọjọ́ 10 oṣù Keje ọdún 2008 pẹ̀lú áàpù 500. Google ṣí Android Market ní oṣù Kẹwàá ọdún kan náà, ó sì yí orúkọ rẹ̀ padà sí Google Play ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹta ọdún 2012. Àwọn méjèèjì fi ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún lélẹ̀ gẹ́gẹ́ bí owó láádá, èyíinì ni ìpín tí alágbàtà ń yọ nínú owó ọjà. Ìyàtọ̀ kan wà láàrin wọn láti ìbẹ̀rẹ̀. Android gba oní-fóònù láyè láti fi áàpù tí ó ti ibòmíràn wá sórí fóònù rẹ̀. Apple kò gbà bẹ́ẹ̀, App Store nìkan sì ni ẹnu ọ̀nà fún gbogbo ènìyàn lórí iPhone, títí òfin fi yí èyí padà ní àwọn ibì kan.

Àwọn ọ̀nà ìpín

Ilé-ìtajà gbangba

Ẹni tí ó bá fẹ́ gbé áàpù sí Google Play ń san dọ́là 25 lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo láti forúkọ sílẹ̀. Apple ń gba dọ́là 99 lọ́dọọdún. Bí olùṣe áàpù kò bá san ti ọdún tuntun fún Apple, áàpù rẹ̀ yóò kúrò nínú ilé-ìtajà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé yóò máa ṣiṣẹ́ lórí fóònù àwọn tí ó ti gbà á tẹ́lẹ̀. Àwọn méjèèjì ń yẹ áàpù wò kí wọ́n tó gbé e jáde, wọ́n sì lè kọ̀ ọ́. Láti oṣù Kọkànlá ọdún 2023, Google ń béèrè pé kí ẹni tí ó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ forúkọ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹnìkan, tí kì í ṣe ilé-iṣẹ́, kọ́kọ́ jẹ́ kí àwọn ènìyàn dán áàpù rẹ̀ wò fún ọjọ́ 14 láìdáwọ́dúró. Ènìyàn 20 ni ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú, lẹ́yìn náà ni ó dín in kù sí 12.

Ohun tí ilé-ìtajà gbangba ń fún olùtà ni ìgbẹ́kẹ̀lé, ọ̀nà ìsanwó tí ó ti wà nílẹ̀, àti ìmúdójúìwọ̀n tí ń dé orí fóònù fúnra rẹ̀. Kì í fi bẹ́ẹ̀ bá a wá oníbàárà. Ọ̀pọ̀ olùṣe áàpù àkànṣe ló ń lo ilé-ìtajà gẹ́gẹ́ bí ibi tí wọ́n ń kó ọjà sí, tí wọ́n sì ń fi líǹkì ránṣẹ́ sí àwọn tí wọ́n ti bá sọ̀rọ̀ níbòmíràn.

Ìpín ní ìkọ̀kọ̀ nínú ilé-ìtajà

Áàpù kan lè wà nínú ilé-ìtajà láìjẹ́ pé ẹni gbogbo rí i. Apple ń gba áàpù tí a kò kọ sínú àkójọ láyè láti oṣù Kìíní ọdún 2022: kò ní jáde bí a bá wá a, ẹni tí ó bá ní líǹkì rẹ̀ nìkan ni yóò dé ibẹ̀. Nítorí pé ẹnikẹ́ni tí líǹkì náà bá bọ́ sí lọ́wọ́ lè gba áàpù náà, inú áàpù fúnra rẹ̀ ni a gbọ́dọ̀ ti máa béèrè orúkọ àti ọ̀rọ̀ aṣínà. Apple tún ní ètò áàpù tí a ṣe fún ilé-iṣẹ́ kan pàtó, tí ilé-iṣẹ́ náà ń gbà nípasẹ̀ Apple Business Manager. Irú èyí wà lọ́dọ̀ Google pẹ̀lú nínú ètò tí a ń pè ní managed Google Play. Bí àwọn tí ń yẹ áàpù wò ní Apple bá rí i pé ilé-iṣẹ́ kan ṣoṣo ni áàpù wà fún, wọ́n lè kọ̀ láti gbé e sí gbangba, kí wọ́n sì tọ́ka olùṣe rẹ̀ sí àwọn ọ̀nà wọ̀nyí.

Ọ̀nà ìdánwò àti ọ̀nà ilé-iṣẹ́ ńlá

Àwọn ọ̀nà kan wà tí a dá sílẹ̀ fún ìdánwò tàbí fún lílò inú ilé-iṣẹ́, tí àwọn olùtà kan sì máa ń rò pé àwọn lè fi ta ọjà. TestFlight ti Apple gba olùdánwò 10,000 láti ìta, ṣùgbọ́n ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan ń kásẹ̀ nílẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ 90, a kò sì gbọdọ̀ gba owó lórí rẹ̀. Ọ̀nà tí a ń pè ní ad hoc gba fóònù 100 lọ́dún, olùṣe áàpù sì gbọ́dọ̀ kọ nọ́ńbà ìdánimọ̀ fóònù kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ ṣáájú.

Apple Developer Enterprise Program, tí owó rẹ̀ jẹ́ dọ́là 299 lọ́dún, wà fún àwọn ilé-iṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ wọn tó 100 láti fi pín áàpù láàrin àwọn òṣìṣẹ́ tiwọn nìkan. Ní oṣù Kìíní ọdún 2019, Apple fagi lé ìwé-ẹ̀rí Facebook àti ti Google nítorí pé wọ́n fi ọ̀nà yìí pín áàpù fún àwọn tí kì í ṣe òṣìṣẹ́ wọn. Gbogbo áàpù tí àwọn òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ méjèèjì ń lò nínú ilé lórí iPhone dáwọ́ iṣẹ́ dúró títí Apple fi dá ìwé-ẹ̀rí náà padà. Bí èyí bá lè ṣẹlẹ̀ sí ilé-iṣẹ́ tí ó tóbi tó bẹ́ẹ̀, olùtà kékeré tí ó bá gbé òwò rẹ̀ ka orí ọ̀nà tí kò tọ́ sí i lè jí lọ́jọ́ kan kí ó rí i pé kò sí oníbàárà rẹ̀ tí áàpù ṣí fún mọ́.

Fífi fáìlì ránṣẹ́ tààrà

Lórí Android, a lè gbé fáìlì APK sí orí ìtàkùn ayélujára, kí oníbàárà gbà á síbẹ̀. Kò sí owó láádá, kò sì sí ẹni tí yóò kọ áàpù náà. Láti Android 8, tí ó jáde ní ọdún 2017, oní-fóònù gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fún áàpù tí ó fi gba fáìlì náà, bíi Chrome, ní àṣẹ láti fi áàpù mìíràn sórí fóònù. Ìkìlọ̀ tí ó ń jáde nígbà náà máa ń mú kí ẹni tí kò mọ̀ nípa ẹ̀rọ padà sẹ́yìn. Ìmúdójúìwọ̀n pẹ̀lú di ẹrù olùṣe áàpù: bí kò bá kọ́ ọ mọ́ inú áàpù rẹ̀, àwọn oníbàárà yóò máa lo ẹ̀dà àtijọ́ tí àṣìṣe wà nínú rẹ̀.

Àwọn ilé-ìtajà mìíràn

Samsung ní Galaxy Store, Huawei ní AppGallery, Transsion tí ó ni Tecno, Infinix àti itel sì ní Palm Store. Ilé-ìtajà F-Droid, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2010, kì í gba áàpù tí a kò bá fi kóòdù rẹ̀ hàn ní gbangba, nítorí náà kò bá ọ̀pọ̀ áàpù títà mu. Gbígbára lé ilé-ìtajà kékeré ní ewu tirẹ̀. Amazon Appstore, tí a ṣí ní oṣù Kẹta ọdún 2011, kásẹ̀ nílẹ̀ lórí fóònù Android ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹjọ ọdún 2025, àwọn olùtà tí ó wà níbẹ̀ sì ní láti kó àwọn oníbàárà wọn lọ síbòmíràn.

Áàpù orí ìtàkùn

Ní ọdún 2015, Frances Berriman àti Alex Russell fún irú ìtàkùn ayélujára kan ní orúkọ tí ó ń jẹ́ Progressive Web App. Ó ń ṣí nínú aṣàwákiri bíi Chrome tàbí Safari, ṣùgbọ́n ènìyàn lè fi àmì rẹ̀ sí ojú fóònù bí áàpù, ó sì lè ṣiṣẹ́ díẹ̀ nígbà tí kò bá sí íntánẹ́ẹ̀tì. Láti iOS 16.4, tí ó jáde ní oṣù Kẹta ọdún 2023, ó lè fi ìfitónilétí ránṣẹ́ lórí iPhone pẹ̀lú. Kò sí oníbodè níbẹ̀, ìmúdójúìwọ̀n sì ń dé ọ̀dọ̀ gbogbo oníbàárà lẹ́ẹ̀kan náà. Àléébù rẹ̀ ni pé kò lè lo gbogbo ohun tí ó wà nínú fóònù. Bí àpẹẹrẹ, Safari kò gba ìtàkùn láyè láti bá ẹ̀rọ mìíràn sọ̀rọ̀ nípasẹ̀ Bluetooth, nítorí náà áàpù tí ń ka ìwọ̀n láti ara òṣùwọ̀n tàbí ẹ̀rọ àyẹ̀wò kò lè gba ọ̀nà yìí lórí iPhone.

Nípasẹ̀ ẹgbẹ́ àti alágbàtà

Olùṣe áàpù tún lè tà á fún ẹgbẹ́ oníṣẹ́ lódindi, kí ẹgbẹ́ náà sì pín kóòdù fún àwọn ọmọ ẹgbẹ́. Ó lè fi áàpù sórí tábúlẹ́ẹ̀tì kí ó tó ta tábúlẹ́ẹ̀tì àti áàpù pọ̀, tàbí kí ó fún ẹni tí ń ta irinṣẹ́ iṣẹ́ náà ní láádá lórí oníbàárà kọ̀ọ̀kan. Ọ̀nà yìí kò dá dúró. A ṣì gbọ́dọ̀ so ó pọ̀ mọ́ ọ̀kan nínú àwọn ọ̀nà tí a ti kà sílẹ̀ kí áàpù tó lè dé orí fóònù.

Owó àti láádá

Láti ọjọ́ 1 oṣù Kìíní ọdún 2021, Apple dín láádá kù sí ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún fún olùṣe áàpù tí owó tí ń wọlé fún un kò ju mílíọ̀nù kan dọ́là lọ lọ́dún, bí ó bá forúkọ sílẹ̀ fún ètò náà. Google ṣe irú rẹ̀ ní oṣù Keje ọdún kan náà lórí mílíọ̀nù dọ́là àkọ́kọ́ tí olùṣe áàpù bá pa lọ́dún. Abẹ́ ìdá 15 yìí ni ọ̀pọ̀ áàpù àkànṣe bọ́ sí.

Láádá yìí kò kan gbogbo títà. Bí ohun tí a ń tà bá jẹ́ ọjà tí a lè fọwọ́ kàn, bí oúnjẹ adìẹ, kò sí láádá lórí rẹ̀. Ìlànà Apple tún gba áàpù tí a tà tààrà fún ilé-iṣẹ́ láyè pé kí àwọn òṣìṣẹ́ wọlé pẹ̀lú ohun tí ọ̀gá wọn ti sanwó fún níta. Fún títà fún ẹnìkan tàbí ìdílé, Apple ń béèrè pé kí ìsanwó kọjá lọ́dọ̀ òun. Nítorí náà ìbéèrè nípa ẹni tí ń sanwó kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìpolówó nìkan. Ó lè pinnu bóyá ìdá 15 yóò lọ tàbí kò ní lọ.

Àpẹẹrẹ ìṣirò lè fi ohun tí ó wà nínú rẹ̀ hàn. Ká ní áàpù kan ní oníbàárà 300, tí ẹnìkọ̀ọ̀kan ń san àsansílẹ̀ owó ₦6,000 lọ́dún. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦1,800,000. Bí ilé-ìtajà bá yọ ìdá 15, ₦270,000 lọ, ₦1,530,000 ni ó kù. Bí olùtà bá gba owó fúnra rẹ̀ nípasẹ̀ ilé-iṣẹ́ tí ń bá oníṣòwò gba owó lórí ayélujára, tí ilé-iṣẹ́ náà ń yọ ìdá 1.5 àti ₦100 lórí ìsanwó kọ̀ọ̀kan, ₦190 ni yóò lọ lórí oníbàárà kọ̀ọ̀kan, àpapọ̀ ₦57,000. Láìka owó-orí, ₦1,743,000 ni ó kù. Títà tààrà fi ₦213,000 ju ti ilé-ìtajà lọ.

Ṣùgbọ́n ₦5,810 ni oníbàárà kọ̀ọ̀kan ń mú wọlé ní ọ̀nà tààrà. Bí ènìyàn 37 nínú 300 bá padà sẹ́yìn nítorí ìkìlọ̀ ojú fóònù, tàbí tí wọ́n gbàgbé láti san ti ọdún tuntun nítorí pé kò sí ẹ̀rọ tí ń yọ ọ́ fúnra rẹ̀, gbogbo èrè náà ti lọ. Nítorí náà láádá nìkan kò tó láti fi ṣe ìpinnu. Iye àwọn tí ń já bọ́ lójú ọ̀nà ni a gbọ́dọ̀ kà pẹ̀lú rẹ̀.

Ààbò àti ìgbẹ́kẹ̀lé

Gbogbo áàpù Android ni olùṣe rẹ̀ ń fi kọ́kọ́rọ́ ìkọ̀kọ̀ lù ní òǹtẹ̀. Fóònù kò ní gba ìmúdójúìwọ̀n tí òǹtẹ̀ rẹ̀ bá yàtọ̀ sí ti àkọ́kọ́. Olùṣe áàpù tí ń fi APK ránṣẹ́ tààrà, tí kọ́kọ́rọ́ yìí sì sọnù lọ́wọ́ rẹ̀, kò lè tún áàpù náà ṣe mọ́ lórí fóònù oníbàárà. Wọ́n ní láti yọ ọ́ kúrò kí wọ́n tó gba tuntun, àkọsílẹ̀ tí ó wà lórí fóònù nìkan lè bá a lọ. Nínú ètò Play App Signing, Google ni ó ń tọ́jú kọ́kọ́rọ́ náà. Èyí dín ewu àdánù kù, ṣùgbọ́n ó tún fi kọ́kọ́rọ́ kan sí i sí ọwọ́ oníbodè.

Áàpù tí ń tọ́jú ọ̀rọ̀ nípa àwọn ènìyàn wà lábẹ́ òfin pẹ̀lú, ọ̀nà yòówù tí a ìbáà gbà pín in. Ní Nàìjíríà, òfin tí ń dáàbò bo ọ̀rọ̀ àṣírí àwọn ènìyàn, tí a ń pè ní Nigeria Data Protection Act, gba ìfọwọ́sí ààrẹ ní oṣù Kẹfà ọdún 2023. Àwọn áàpù kan tún nílò ìwé àṣẹ kí ilé-ìtajà tó gbà wọ́n. Google Play ń béèrè ìwé àṣẹ láti ọ̀dọ̀ àjọ FCCPC lọ́wọ́ áàpù tí ń yá ènìyàn lówó ní Nàìjíríà.

Òfin àti àríyànjiyàn

Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2020, ilé-iṣẹ́ Epic Games fi ọ̀nà ìsanwó tirẹ̀ sínú eré Fortnite. Apple àti Google yọ eré náà kúrò, Epic sì pe àwọn méjèèjì lẹ́jọ́ ní Amẹ́ríkà. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2021, Adájọ́ Yvonne Gonzalez Rogers dájọ́ pé Epic kò fi hàn pé Apple dá ọjà náà gbà, ṣùgbọ́n ó pàṣẹ pé kí Apple jẹ́ kí àwọn olùṣe áàpù tọ́ka àwọn oníbàárà sí ibòmíràn tí wọ́n ti lè sanwó. Ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹrin ọdún 2025, ó rí i pé Apple kò pa àṣẹ náà mọ́. Nínú ẹjọ́ ti Google, Epic ni ó jàre ní oṣù Kejìlá ọdún 2023.

Kòréà Gúúsù ni orílẹ̀-èdè àkọ́kọ́ tí ó ṣe òfin pé kí ilé-ìtajà ńlá má fi ipá mú olùṣe áàpù lo ọ̀nà ìsanwó rẹ̀ nìkan, ní oṣù Kẹjọ ọdún 2021. Ìṣọ̀kan Yúróòpù ṣe òfin Digital Markets Act, tí ó pe àwọn ilé-iṣẹ́ bíi Apple àti Google ní oníbodè, tí ó sì fi dandan lé wọn lórí. Láti oṣù Kẹta ọdún 2024, iPhone ní Yúróòpù lè gba áàpù láti ilé-ìtajà mìíràn, AltStore PAL sì ṣí níbẹ̀ ní oṣù Kẹrin ọdún náà. Òfin tí ó jọ ọ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní kíkún ní Japan ní oṣù Kejìlá ọdún 2025. Àwọn àyè wọ̀nyí kò kan iPhone tí ó wà ní orílẹ̀-èdè mìíràn. Olùtà tí àwọn oníbàárà rẹ̀ wà ní Ìbàdàn kò lè lo ohun tí òfin Yúróòpù ṣí sílẹ̀.

Bí Apple ti ń ṣí ẹnu ọ̀nà díẹ̀ lábẹ́ òfin, Google ń mú tirẹ̀ le sí i. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2025, ó kéde pé olùṣe áàpù tí ń pín áàpù níta Google Play pẹ̀lú yóò ní láti fi ẹni tí òun jẹ́ hàn, àti pé ètò náà yóò bẹ̀rẹ̀ ní Brazil, Indonesia, Singapore àti Thailand ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2026 kí ó tó dé ibòmíràn. Àwọn tí ó fara mọ́ ọn ń sọ pé yóò dí ọ̀nà mọ́ àwọn oníjìbìtì tí ń fara pamọ́. Àwọn tí ó tako ó ń sọ pé ọ̀nà kan ṣoṣo tí kò ní oníbodè lórí Android ni yóò ti ní ọ̀kan.

Ní Nàìjíríà

Fóònù Android ni ó pọ̀ jù lọ́wọ́ àwọn ènìyàn ní Nàìjíríà, nítorí náà gbogbo ọ̀nà tí Android ṣí sílẹ̀ ni olùtà níbẹ̀ lè lò. Owó dátà máa ń mú kí áàpù kékeré rọrùn láti tà ju áàpù ńlá lọ, ó sì ń mú kí àwọn ènìyàn máa fi áàpù ránṣẹ́ láti fóònù sí fóònù pẹ̀lú irinṣẹ́ bíi Xender. Olùtà lè fi àṣà yìí ṣe àǹfààní: fáìlì lè lọ láti ọwọ́ dé ọwọ́ lọ́fẹ̀ẹ́, kí kóòdù tí a sanwó fún sì jẹ́ ohun tí ń ṣí i. Ọ̀pọ̀ oníbàárà tún fẹ́ láti fi owó ránṣẹ́ láti inú àkáǹtì wọn dípò kí wọ́n fi káàdì ra nǹkan nínú ilé-ìtajà.

Ṣùgbọ́n àṣà kan náà ni àwọn oníjìbìtì ń lò. Nàìjíríà wà lára àwọn orílẹ̀-èdè tí Google ti ń dán ètò ààbò kan wò, èyí tí ó ń dènà áàpù tí a gbà láti orí ìtàkùn tàbí láti inú áàpù ìfọ̀rọ̀ránṣẹ́, bí áàpù náà bá ń béèrè àṣẹ tí ó léwu, bí àṣẹ láti ka àtẹ̀jíṣẹ́. Áàpù òtítọ́ tí ń ka àtẹ̀jíṣẹ́ báńkì láti fi ṣe àkọsílẹ̀ owó ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù lè bọ́ sínú ìdènà yìí. Irú áàpù bẹ́ẹ̀ yóò ní láti gba Google Play, tàbí kí ó wá ọ̀nà mìíràn láti gba àkọsílẹ̀ náà.

Yíyan ọ̀nà

Ìbéèrè mẹ́rin ni ó sábà máa ń pinnu ọ̀nà tí ó yẹ. Irú fóònù wo ni àwọn oníbàárà ń lò? Bí iPhone bá wà nínú rẹ̀, ilé-ìtajà Apple tàbí áàpù orí ìtàkùn ni ó kù ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè. Ta ni ó ń sanwó? Bí ó bá jẹ́ ilé-iṣẹ́ tàbí ẹgbẹ́, ìpín ní ìkọ̀kọ̀ àti ìsanwó níta ṣeé ṣe. Kí ni áàpù nílò nínú fóònù? Bí kò bá nílò ju ojú fóònù àti íntánẹ́ẹ̀tì lọ, orí ìtàkùn lè tó o. Báwo ni oníbàárà ṣe gbọ́ nípa áàpù náà? Bí ó bá jẹ́ lẹ́nu ẹni tí ó gbẹ́kẹ̀lé, ó lè fara da ìlànà tí ó gùn díẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé òun nìkan ni ó wá a rí, ìdènà kékeré lè dá a padà.

Ọ̀pọ̀ olùtà kì í dúró lórí ọ̀nà kan. Wọ́n lè gbé áàpù sí Google Play fún ìgbẹ́kẹ̀lé, kí wọ́n ní ẹ̀dà orí ìtàkùn fún àwọn tí ń lo iPhone, kí wọ́n sì máa gba owó lọ́wọ́ àwọn ilé-iṣẹ́ tààrà. Ohun tí kò ná wọn ní nǹkan púpọ̀, tí ó sì máa ń gbà wọ́n là nígbà tí ẹnu ọ̀nà kan bá tì, ni àkójọ orúkọ àti nọ́ńbà fóònù àwọn oníbàárà, tí a gbà pẹ̀lú ìyọ̀ǹda wọn, tí a sì pa mọ́ lábẹ́ òfin. Ẹni tí ó ní àkójọ yìí lè sọ fún àwọn oníbàárà rẹ̀ ibi tí òun kó lọ. Ẹni tí kò ní in yóò dúró de oníbodè títí yóò fi tún ilẹ̀kùn ṣí.